Ohun Tí Kò Bá Sí Lára Ènìyàn

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni Alábòójútó ọgbà ìgbafẹ́ náà fi ń kí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ láràárọ̀. Kì í ṣe ẹ káàárọ̀. Á dúró níwájú wọn, ṣẹ́ẹ̀tì funfun lọ́rùn, ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ lọ́wọ́, á ní, "Ohun tí kò bá sí lára ènìyàn, pàǹtí ni." Lẹ́yìn náà á na ọ̀pá sí abẹ́ bẹ́ǹṣì tàbí ìdí igi, níbi tí kúbùsù ẹnìkan wà tàbí bàtà ẹnìkan, á ní, "Ẹ kó o." Ọmọ tí kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún. Àwọn méjìlá tó ń bá sọ̀rọ̀ yìí, ẹni tó kéré jù nínú wọn fi ọdún mẹ́wàá jù ú lọ, bó bá sì kan ẹnìkan ṣoṣo nínú wọn, "ìwọ" ló ń pè é. Ilé tí wọ́n ti tọ́ ọ, ẹ bá ni béèrè ọ̀nà ibẹ̀.

Ẹni tí ọ̀rọ̀ yẹn máa ń dùn jù ni Ìyá Aránṣọ. Aránṣọ ni lóòótọ́, àmọ́ kò ní ẹ̀rọ mọ́. Ilé tó ti gba yàrá kan àti ṣọ́ọ̀bù kan ni ìjọba ìlú wó nígbà tí wọ́n fẹ́ mú títì fẹ̀. Wọ́n ní kí wọ́n kó ẹrù wọn kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Ọjọ́ kejì ni katakata dé. Ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ wà lábẹ́ bíríkì títí di òní. Ó ní ọmọ obìnrin kan, ṣùgbọ́n ọmọ náà wà nínú yàrá kan ṣoṣo pẹ̀lú ọkọ, ọmọ mẹ́ta àti ìyá ọkọ. Kí ni àna fẹ́ lọ wá níbẹ̀? Ó sọ fún ọmọ rẹ̀ lórí fóònù pé òun ti rí ibì kan dé sí, ó sì lọ dé sí bẹ́ǹṣì kẹta láti ẹnu géètì ọgbà ìgbafẹ́. Ọdún méjì gbáko ló lò níbẹ̀.

Bẹ́ǹṣì kẹrin ni ti Tíṣà. Tíṣà ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, ìyàwó rẹ̀ ti kú, àwọn àbúrò rẹ̀ sì ti ta ilé bàbá wọn mọ́ ọn lórí. Òun ló kọ́ Ìyá Aránṣọ ní bí wọ́n ṣe ń gbé ọgbà. Ó sọ fún un pé ẹ̀rọ omi tó wà lẹ́yìn ilé irinṣẹ́ máa ń yọ omi ní ìdájí, kéèyàn tètè wẹ̀ kí àwọn tó ń sáré ìdárayá tó dé. Ó fi igi kan hàn án tí ẹ̀ka rẹ̀ máa ń já láìsí afẹ́fẹ́, ó ní kó má sùn lábẹ́ rẹ̀ láé. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ dé, tí òjò ká a mọ́ ibẹ̀, Tíṣà fi ọ̀bẹ gé tápólì tirẹ̀ sí méjì, ó sì na ìdajì sí i. Ẹni tí kò ní ju tápólì lọ láyé. Láti ìgbà náà ni Ìyá Aránṣọ ti ń pè é ní bàbá mi, òun náà sì ń pè é ní ọmọ mi.

Ní ọdún kẹta ni ìjọba ìlú gbé ètò kan dé. Wọ́n ní àwọn máa mú nínú àwọn tí kò nílé lórí, àwọn á fi wọ́n ṣe òṣìṣẹ́ tí yóò máa gbá ọgbà ìgbafẹ́, tí yóò sì máa tọ́jú rẹ̀. Owó oṣù wà níbẹ̀, yúnífọ́ọ̀mù aláwọ̀ ewé wà níbẹ̀, ẹnìkọ̀ọ̀kan á sì ní yàrá tirẹ̀ nínú ilé gígùn kan lẹ́yìn ilé irinṣẹ́. Èèyàn méjìlá péré ni wọ́n fẹ́. Ìyá Aránṣọ wọlé. Tíṣà kò wọlé. Wọ́n ní ó ti dàgbà jù.

Ẹ má jẹ́ ká purọ́ mọ́ ètò náà, ètò tó dára ni. Ẹni tó bá ti sùn níta rí ló mọ ohun tí wọ́n ń pè ní ilẹ̀kùn. Yàrá keje ni wọ́n fún Ìyá Aránṣọ: bẹ́ẹ̀dì kan, fèrèsé kan, ìṣó mẹ́ta lára ògiri tó lè fi aṣọ kọ́. Ó so kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ mọ́ okùn, ó fi í sọ́rùn, kò sì yọ ọ́, ì báà jẹ́ nílé ìwẹ̀. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ó máa ń tilẹ̀kùn, á jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, á dìde lọ ṣí i, á tún tì í. Kò sí nǹkan tó ń wá níta. Ó kàn fẹ́ gbọ́ bó ṣe ń dún ni.

Wọ́n mọ iṣẹ́ náà ṣe dé góńgó. Ta ló fẹ́ mọ ọgbà ju ẹni tó ti gbé inú rẹ̀ lọ? Wọ́n mọ ibi tí omi ń dúró sí bí òjò bá rọ̀, wọ́n sì la ojú ọ̀nà fún un. Káfíńtà, ọ̀kan nínú àwọn méjìlá náà, tún gbogbo bẹ́ǹṣì tó ti fọ́ ṣe láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rán an. Níbi iyanrìn tí àwọn ọmọdé ti ń ṣeré, Ìyá Aránṣọ kì í lo réèkì. Á kúnlẹ̀, á fi ọwọ́ yọ àfọ́kù ìgò ní ẹyọ ẹyọ, torí pé réèkì máa ń fo àwọn tó kéré, àwọn tó kéré ló sì máa ń gún ọmọ lẹ́sẹ̀. Kó tó pé oṣù mẹ́ta, àwọn tó ń ṣègbéyàwó ti bẹ̀rẹ̀ sí í wá ya fọ́tò níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ẹrù ló dá wàhálà sílẹ̀. Méjìlá ló rí yàrá. Àwọn bí ogún ṣì wà tí wọ́n ń sùn lórí bẹ́ǹṣì, Tíṣà sì wà lára wọn. Ẹni tó ń sùn níta, tó ń wá iṣẹ́ òòjọ́ kiri, kò lè gbé kúbùsù kọ́rùn lọ bá ẹni tó fẹ́ gbà á síṣẹ́. Á dì í, á gbé e síbì kan nínú ọgbà, á padà wá bá a ní ìrọ̀lẹ́. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn kí Alábòójútó tó dé, kò sì sí ẹni tó ń jí ti ẹnìkejì. Àfi bí ọmọ yìí ṣe dé pẹ̀lú ọ̀pá. Ó mú kí wọ́n kó ẹrù obìnrin kan dà sínú ọkọ̀ akódọ̀tí, fọ́tò ìyá obìnrin náà kan ṣoṣo tó ní láyé sì wà nínú rẹ̀. Nígbà tí obìnrin náà dé, tó wo ìdí igi títí, kò sunkún. Ó béèrè pé ọ̀nà wo ni ọkọ̀ náà gbà lọ. Àwọn òṣìṣẹ́ dorí kodò. Ọwọ́ àwọn náà ni wọ́n fi kó o.

Ibẹ̀ ni Ìyá Aránṣọ ti dọ́gbọ́n. Ó ti kíyè sí i pé Alábòójútó kórìíra ìdọ̀tí débi pé kì í sún mọ́ àpò ọ̀rá dúdú tí wọ́n ń kó pàǹtí sí. Àwọn òṣìṣẹ́ á gbá ewé, wọ́n á dì í sínú àpò dúdú, wọ́n á tò ó sídìí igi ńlá títí di Ọjọ́rú tí ọkọ̀ máa wá gbé e. Bí ọ̀gá bá ń kọjá níbẹ̀, imú rẹ̀ ló máa ń dì mú. Ìyá Aránṣọ wá pín àpò dúdú fún gbogbo àwọn tó ń sùn níta. Ó ní kí wọ́n kó ẹrù wọn sínú rẹ̀, kí wọ́n tò ó mọ́ àpò pàǹtí sídìí igi. Kí wọ́n má baà ṣì í, ó ya àlòkù aṣọ pupa kan sí tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì fi abẹ́rẹ́ gán an mọ́ ẹnu àpò kọ̀ọ̀kan tó jẹ́ ti ènìyàn. Gbogbo òṣìṣẹ́ ló mọ̀ ọ́n: èyí tó bá ti ní pupa, ẹrù ènìyàn ni, ẹ fi sílẹ̀.

Oṣù méjì ni ọgbọ́n náà fi ṣiṣẹ́. Alábòójútó á na ọ̀pá yíká, á ní, "Ẹ wo bí ibí ṣe mọ́." Káfíńtà á dá a lóhùn pé, "Iṣẹ́ yín ni, ọ̀gá." Wọ́n á di ẹ̀rín mọ́nú títí á fi kọjá, wọ́n á wá rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú wọn. Ó dùn mọ́ Ìyá Aránṣọ nínú. Ó ń rò ó pé òun gbọ́n. Ẹni tó bá sì ń rò pé òun gbọ́n, ibi tó ti gọ̀ ni kì í rí.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n kéde pé Alága ìjọba ìlú ń bọ̀ wá ṣí ọgbà náà ní ọjọ́ Sátidé, bí ẹni pé wọ́n ti tì í tẹ́lẹ̀. Wọ́n ní ó máa kéde níbẹ̀ pé òun ti fi ẹnìkan kún àwọn méjìlá, kí wọ́n di mẹ́tàlá. Tíṣà ni wọ́n mú. Kì í ṣe pé ọjọ́ orí rẹ̀ ti dín kù o. Ẹnìkan ní ọ́fíìsì ló sọ pé irun funfun rẹ̀ máa dára nínú fọ́tò. Wọ́n fún un ní lẹ́tà: kó mú un wá ní ọjọ́ Ajé, aago mẹ́jọ. Ìsàlẹ̀ ibẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́ sí pé ẹni tí kò bá mú lẹ́tà wá ti pàdánù iṣẹ́ náà, ẹlòmíràn ni wọ́n á fún.

Tíṣà ka lẹ́tà náà sókè fún gbogbo ará bẹ́ǹṣì. Nígbà tó kà á tán, ó mú bírò pupa jáde, ó fagi lé ibi mẹ́rin tí wọ́n ti kọ ọ́ bàjẹ́, ó sì fún wọn ní mẹ́fà nínú mẹ́wàá. "Wọ́n gbìyànjú," ló wí. Ó wá wúkọ́, ikọ́ náà pẹ́.

Òjò ti bẹ̀rẹ̀ nígbà náà, ikọ́ Tíṣà sì ti kúrò ní ikọ́ tí wọ́n ń fi omi gbígbóná wò. Ìyá Aránṣọ mọ̀ pé bí òjò ọdún yìí bá bá a lórí bẹ́ǹṣì, ó lè má là á já. Lẹ́tà yẹn nìkan ló wà láàárín bàbá náà àti ikú. Ó ní, "Bàbá mi, ẹ fi lẹ́tà yìí sápò ẹ̀wù yín."

"Àpò ẹ̀wù mi ń gba omi," Tíṣà dáhùn. "Inú àpò dúdú tí ọmọ mi fún mi ni kì í gba omi. Ibẹ̀ ni mo fi í sí."

Ó tọ́ lójú Ìyá Aránṣọ. Kò jiyàn.

Ní ìrọ̀lẹ́ Ẹtì, àwọn ẹ̀ṣọ́ lé gbogbo àwọn tó ń sùn nínú ọgbà síta fẹ́ǹsì. Wọ́n ní wọ́n lè padà bí Alága bá ti lọ. Ẹrù wọn wà nídìí igi, pupa lẹ́nu rẹ̀. Ọkàn wọn balẹ̀. Ní àárọ̀ Sátidé, wọ́n to àwọn òṣìṣẹ́ sẹ́nu géètì nínú yúnífọ́ọ̀mù tí wọ́n ti lọ̀, wọ́n ní kí wọ́n má fọwọ́ kan ìdọ̀tí kankan. Ìyá Aránṣọ ní tirẹ̀ wà nínú ọ́fíìsì. Òun ni wọ́n yàn pé kó bá gbogbo wọn dúpẹ́ nínú ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Alábòójútó ti kọ ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ fún un: "Mo dà bí ohun tí wọ́n ti sọ nù. Ìjọba ìlú ló ṣà mí nílẹ̀, tó nù mí, tó sì sọ mí di ènìyàn."

"Tún un kà," Alábòójútó wí. "Fi omijé díẹ̀ sí i níbi *ṣà mí nílẹ̀*."

Ó sì fi sí i. Ibi tó dùn ún jù lẹ́yìnwá ọ̀la nìyẹn, ẹ gbọ́. Ó dúró sí ọ́fíìsì yẹn fún wákàtí kan, ó ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń dúpẹ́, ohùn ara rẹ̀ sì ń dùn mọ́ ọn létí.

Nígbà tó jáde ni Tíṣà pè é láti ẹ̀yìn fẹ́ǹsì. Kò pariwo. Ó di irin mú ní ọwọ́ méjèèjì, ó ní, "Ọmọ mi, àpò mi ńkọ́?"

Ìyá Aránṣọ wo ìdí igi ńlá. Ilẹ̀ ibẹ̀ mọ́ tónítóní. Kò sí àpò pàǹtí, kò sí àpò ènìyàn.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ kò lọ́jú pọ̀. Alábòójútó kò fẹ́ kí Alága rí àpò kankan, ó sì ti ránṣẹ́ pe ọkọ̀ akódọ̀tí mìíràn pẹ̀lú àwọn alágbàṣe tiwọn. Àwọn yẹn kò mọ pupa, wọn kò mọ funfun. Ohun tí wọ́n rí ni àpò dúdú, wọ́n sì kó o. Ta ló fi ẹrù ènìyàn sínú àpò pàǹtí? Ta ló ní kí wọ́n tò ó sáàárín pàǹtí? Ìyá Aránṣọ ni. Ẹni tó bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé rẹ̀ ní í bà. Inú bí i sí Alábòójútó, inú bí i sí Alága tí kò tíì dé, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ ló bínú sí jù.

Káfíńtà tọ́ka pẹ̀lú àgbọ̀n láti orí ìlà tó wà. Ọkọ̀ náà kò tíì lọ. Àwọn ọlọ́pàá ti dí títì nítorí Alága, wọ́n sì ní kí awakọ̀ lọ fi ọkọ̀ pamọ́ sẹ́yìn ilé irinṣẹ́ títí ayẹyẹ á fi parí. Ìyá Aránṣọ sáré lọ bá Alábòójútó. "Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀gá, ẹrù àwọn ènìyàn wà nínú ọkọ̀ yẹn. Lẹ́tà Tíṣà wà níbẹ̀. Ẹ jẹ́ n lọ yọ ọ́, kò ní pẹ́."

"Ṣé ó wà lára ènìyàn nígbà tí wọ́n kó o?"

Ìyá Aránṣọ nawọ́ sí ẹ̀yìn ilé irinṣẹ́.

"Pàǹtí ni nígbà náà. Lọ dúró síbi tí wọ́n ní kí o dúró sí. Bí o bá dójú tì mí lónìí, màá gba kọ́kọ́rọ́ yẹn lọ́rùn rẹ."

Alága dé. Àtẹ́wọ́, fọ́tò, ọ̀rọ̀ gígùn. Wọ́n gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn fún Ìyá Aránṣọ. Ó ń wo Tíṣà lẹ́yìn fẹ́ǹsì, pẹ̀lú àwọn yòókù, gbogbo wọn di irin mú. Ó di kọ́kọ́rọ́ ọrùn rẹ̀ mú láti òkè aṣọ.

"Mo dà bí ohun tí wọ́n ti sọ nù," ló bẹ̀rẹ̀. Alábòójútó ń mi orí. "Ìjọba ìlú ló ṣà mí nílẹ̀."

Ó dákẹ́. Wọ́n rò pé omijé náà ló ń bọ̀.

"Irọ́ ni," ló wí. "Ẹnikẹ́ni kò ṣà mí nílẹ̀. Bàbá kan tó wà lẹ́yìn fẹ́ǹsì yẹn ló gé tápólì rẹ̀ fún mi. Alága, ẹ fún un ní lẹ́tà pé kó wá ṣiṣẹ́. Lẹ́tà náà wà nínú ọkọ̀ akódọ̀tí yín lẹ́yìn ilé yẹn, pẹ̀lú ẹrù ogún ènìyàn. Mo fẹ́ lọ mú un. Bí ẹ bá fẹ́, ẹ tẹ̀lé mi. Bí ẹ ò bá fẹ́, ẹ máa pàtẹ́wọ́."

Ó gbé ẹ̀rọ náà sórí koríko, ó sì ń lọ. Àwọn akọ̀ròyìn ló kọ́kọ́ tẹ̀lé e, nítorí ibi tí nǹkan bá ti bàjẹ́ ni tiwọn. Nígbà tí Alága rí i pé gbogbo kámẹ́rà ti kẹ̀yìn sí òun, òun náà dìde.

Ìyá Aránṣọ gun ọkọ̀ náà nínú yúnífọ́ọ̀mù tí wọ́n lọ̀. Káfíńtà kúrò lórí ìlà, ó gùn ún tẹ̀lé e, àwọn mẹ́wàá yòókù sì wá gba àpò nísàlẹ̀. Àwọn alágbàṣe ti tẹ gbogbo rẹ̀ mọ́ra, àpò pàǹtí ti bẹ́ mọ́ àpò ènìyàn, omi ìdọ̀tí ń ṣàn. Wọ́n ń wá pupa. Bí wọ́n bá rí i, wọ́n á gbé e síwájú Alága lórí koríko tí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn gbìn, Ìyá Aránṣọ á béèrè láti òkè, ohùn rẹ̀ le bí irin: "Ta ló ni èyí?" Ẹnìkan á dáhùn lẹ́yìn fẹ́ǹsì pé, "Èmi ni." Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe é títí tí ọkàn àwọn ẹ̀ṣọ́ fi rẹ̀wẹ̀sì, tí wọ́n ṣí géètì fúnra wọn.

Àpò Tíṣà ló kẹ́yìn. Ó ti ya. Lẹ́tà inú rẹ̀ ti rin gbingbin, yíǹkì ìjọba ti ṣàn dànù, wọn kò lè ka ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ mọ́. Bírò pupa nìkan ló ṣì hàn. Alábòójútó na ọrùn wò ó, ó ní, "Kò sí nǹkan nínú èyí. Ìwé lásán ni."

"Mẹ́fà nínú mẹ́wàá," Tíṣà wí. Ó ti wọlé, ó ń wúkọ́. "Èmi ni mo fún yín ní máàkì. Ìlà kejì, ẹ gbàgbé láti fi àmì sórí orúkọ ìlú yín."

Ẹnìkan rẹ́rìn-ín láàárín àwọn akọ̀ròyìn. Alága kì í ṣe òmùgọ̀. Ó mọ ìgbà tí wọ́n ń ya èèyàn ní fọ́tò. Ó gbá Tíṣà mọ́ra, tìdọ̀tí tìdọ̀tí, ó ní ọkùnrin yìí máa bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ Ajé, lẹ́tà tàbí kò sí lẹ́tà. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ìyá Aránṣọ jókòó sórí táyà ọkọ̀ náà, ó sì sunkún tòótọ́, èyí tí ẹnikẹ́ni kò kọ sílẹ̀ fún un.

Ní ọjọ́ Ajé, aago mẹ́jọ, Alábòójútó dúró níwájú wọn. Ó ní, "Ohun tí kò bá sí lára ènìyàn, pàǹtí ni." Ó wá ṣí ìwé kan. Alága ti rò ó dáadáa, wọn kò ní di mẹ́tàlá mọ́. Méjìlá ni wọ́n, méjìlá ni wọ́n máa jẹ́. Gbogbo ayé ti rí Tíṣà nínú ìwé ìròyìn, nítorí náà Tíṣà wọlé.

"Ìwọ Aránṣọ, bọ́ yúnífọ́ọ̀mù fún un. Kọ́kọ́rọ́ yàrá keje, fún un."

Tíṣà ló kọ́kọ́ lanu. "Mi ò ní gba ilé lọ́wọ́ ọmọ mi. Ẹ mú iṣẹ́ yín."

"Ẹ gbà á," Ìyá Aránṣọ wí.

"Mo ní mi ò gbà á."

"Bàbá mi, ẹ dákẹ́." Kò tíì bá a sọ̀rọ̀ báyìí rí. Àwọn tó wà nítòsí sún sẹ́yìn. "Mo gun ọkọ̀ pàǹtí nítorí yín. Mo fi irun mi nu ìdọ̀tí. Bí ẹ bá padà sórí bẹ́ǹṣì, tí òjò pa yín, kí ni mo wá ṣe é fún? Ẹ ò ní sọ mí di aláìṣe nǹkankan. Ẹ tẹrí ba."

Ó yọ okùn kọ́kọ́rọ́ lọ́rùn ara rẹ̀, ó fi í sọ́rùn bàbá náà. Ó bọ́ yúnífọ́ọ̀mù ní yàrá keje, ó wọ bùbá àtijọ́, ó kó ohun tó ní sínú aṣọ funfun kan. Kò fi í sínú àpò dúdú. Ó gbé e lọ sí bẹ́ǹṣì kẹta.

Ní ọjọ́ kejì, ó gbé ìdì náà sábẹ́ bẹ́ǹṣì láàárọ̀, ó lọ wá iṣẹ́ aránṣọ kiri ìgboro. Wọ́n béèrè ẹ̀rọ lọ́wọ́ rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù mẹ́rin. Ó padà dé ní ọ̀sán, ó sì wo abẹ́ bẹ́ǹṣì. Ìdì rẹ̀ kò sí níbẹ̀.

Inú tó bí i ní Sátidé, eré ni lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí. Ó ń wá Alábòójútó kiri. Ó bá a níbi iyanrìn àwọn ọmọdé, tó dúró gbagidi pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀, kò mọ ibi tí yóò na án sí. Àwọn òṣìṣẹ́ méjìlá wà níbẹ̀ tí wọ́n ń gbálẹ̀, ẹrù sì wà lẹ́yìn olúkúlùkù wọn. Káfíńtà pọn kúbùsù méjì. Ẹnìkan so bàtà oníbàtà mọ́ ọrùn. Nínú yúnífọ́ọ̀mù tí apá rẹ̀ kúrú fún un, Tíṣà kúnlẹ̀ nínú iyanrìn, ó ń fi ọwọ́ yọ àfọ́kù ìgò, ìdì funfun Ìyá Aránṣọ sì wà lẹ́yìn rẹ̀, ó fi okùn gbà á láyà.

"Mo ní kí ẹ sọ ẹrù yẹn sílẹ̀," Alábòójútó ń wí.

"Ó wà lára ènìyàn, ọ̀gá," Tíṣà dáhùn, kò wòkè. Ó wúkọ́ títí, ó sì ń bá iṣẹ́ lọ.

Ìyá Aránṣọ dúró wò wọ́n. Kò dùn mọ́ ọn nínú rárá. Àgbàlagbà tó ń wúkọ́, tó pọn ẹrù bí ọmọ, kí wọ́n má baà sọ ìdajì tápólì dànù. Ó wọ inú iyanrìn, ó kúnlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó sì gba àfọ́kù ìgò lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ jókòó, bàbá mi. Ẹ bá mi gbé ẹrù, èmi á bá yín ṣa èyí."

"Ìwọ kì í ṣe òṣìṣẹ́ níbí mọ́," Alábòójútó wí lókè orí rẹ̀.

"Mo mọ̀," ló dáhùn. Ó ń bá a lọ ní ẹyọ ẹyọ, àwọn tó kéré ló kọ́kọ́ ń mú.